Ó Dùn Bí Oyin

Ẹ bi mí léèrè bóyá ìjàkadì dára fún àwọn ọ̀dọ́, màá ní ó dára. Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀, kí ẹ wá tún bi mí, màá ní kò dára rárá. Ẹnu mi kan náà ni ìdáhùn méjèèjì ti jáde, mi ò sì parọ́ nínú ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kóòṣì, tí èmi náà ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú mi bá dùn sí i. Orúkọ tí mo ń pè é nígbà tí inú bá bí mi, ẹ jẹ́ kó wà nínú mi.

Oníbúrẹ́dì ni. Kí àwọn ẹlòmíràn tó jí ló ti máa ń wà nídìí iṣẹ́, tí á po ìyẹ̀fun, tí á gbé e ṣánlẹ̀ sórí tábìlì, tí á tún fà á gùn, títí apá rẹ̀ á fi funfun dé èjìká. Ó máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ara ìyẹ̀fun lòun ti kọ́ ìjàkadì, pé ìyẹ̀fun tí wọ́n pò dáadáa lágídí ju ọmọ aráyé lọ. Irọ́ funfun báláú ni. Olùkọ́ kan níléèwé wa ló kọ́ ọ, nígbà tí kò sí ọjọ́ kan tí kì í ja ìjà, tí ìyá wa sì ń rin ilé onílé kiri láti bẹ̀bẹ̀. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì tí ìjà fi tán lára rẹ̀ pátápátá. Ojú mi ló ṣe. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá àwọn tó ń sọ pé ìjàkadì ń sọ ọmọ di jàǹdùkú fohùn ṣọ̀kan.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣì ń rákò. Aránṣọ ni mí, mi ò sì lọ́kọ. Mo kó máṣíìnì mi wá sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, mo ní kí n bá a tọ́jú ọmọ fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn ni ọmọ fi di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Èmi ló ń pè ní Màmá. Bàbá rẹ̀, Kóòṣì lòun náà ń pè é bíi ti gbogbo ayé. Mo sọ fún àbúrò mi nígbà kan pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá pọ̀ nílùú. Kóòṣì kan ṣoṣo ló wà.” Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ìyẹn?

Yàrá ńlá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ń kó ìyẹ̀fun sí. Ó kó àwọn àpò ìyẹ̀fun tó ti ṣófo fún mi, mo fi àjákù aṣọ kún inú wọn, mo rán wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì di ẹní kan tó nípọn, tó tẹ́ yàrá náà láti ògiri dé ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú lé e, ìyẹ̀fun á bú jáde, gbogbo wọn á sì máa sín. Orí ẹní yìí ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá alágbàfọ̀ tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ mú ọmọ tirẹ̀ wá, etí ló sì fi fà á wọlé. Ọmọ náà tóbi, ó rí roboto, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Àgbá, ó sì ti yọ eyín ọmọ ọlọ́mọ níléèwé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

“Ẹ gbà á,” ìyá rẹ̀ wí. “Tí ẹ bá rí nǹkan fi ṣe, ẹ fi ṣe é. Èmi ò rí nǹkan kan fi ṣe mọ́.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni Kóòṣì kọ́kọ́ kọ́ ọ, kò sì kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn fún ọjọ́ pípẹ́. Á tì í, á ní kó ṣubú. Á fà á dìde, á tún tì í. Ó ní kó fi èjìká gba ilẹ̀, kó ká orí mọ́ra, kó má nawọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba owó oṣù. “Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú,” á wí fún wọn. “Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ṣì kéré, ẹ wo iwájú, ẹ ṣubú dáadáa.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni mò ń bọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan, Kóòṣì ká apá Àgbá sẹ́yìn, ọmọ náà sì figbe ta pé, “Ó ń dùn mí o, Kóòṣì! Ó ń dùn mí!” Àbúrò mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, “Ó ń dùn ẹ́? Ohun tó bá dùn, jíjẹ là ń jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́ nìṣó.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà tí mo wà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti di orin. Tó bá dá ẹnìkan mọ́lẹ̀, á bi í pé, “Ó ń dùn ẹ́?” Gbogbo wọn á sì pariwo pọ̀ pé, “Ó dùn bí oyin!” Ẹni tó bá dáhùn lọ́nà mìíràn, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ wo irú èdè tí Ọlọ́run fún wa. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ti egbò, òun náà la fi ń sọ ti oyin, ẹni tó bá sì ń kánjú kò ní mọ èyí tí à ń wí.

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò sí èrè níbẹ̀. Àgbá ò lu ẹnikẹ́ni níta mọ́, torí òfin Kóòṣì ni pé ẹni tó bá jà níta kò ní fẹsẹ̀ kan ẹní. Ọmọ kan tó máa ń kólòlò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwo ilẹ̀. Wọ́n ń kí àgbàlagbà, wọ́n ń wẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lé wọn wọ balùwẹ̀. Ẹni tó bá dá ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, òun náà ló gbọ́dọ̀ fà á dìde, kó sì gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ nù. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n etí àwọn kan wú, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Wọn kì í fẹ́ jókòó kàwé. Tí ìdíje bá sì ku díẹ̀, wọ́n á máa febi pa ara wọn kí wọ́n lè fúyẹ́, nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì! Mo bá a jà lórí ìyẹn. Mo ní, “Ojú ò tì ẹ́? Gbogbo àdúgbò ń jẹ búrẹ́dì ẹ, àwọn ọmọ ẹ ń fi òórùn ẹ̀ yó.” Ó ní sùúrù lòun ń kọ́ wọn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló mọ ìjàkadì jù nínú wọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò lẹ́ran lára, bí wọ́n bá sì dì í mú, á gba abẹ́ apá ẹni náà yọ kó tó mọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá Àgbá mọ́lẹ̀, tí ilé mì, ìyá alágbàfọ̀ ló ní, “Ẹ ò rí nǹkan! Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.” Láti ọjọ́ náà ló ti di Abẹ́rẹ́. Bàbá rẹ̀ kì í yìn ín lójú. Tó bá ku èmi àti òun nílé ìdáná ni yóò tó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí ọmọ yẹn?” Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á kàn máa dán. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí kò fẹ́ òmíràn, ọmọ yìí ni gbogbo ohun tó ní láyé, kò sì pa á mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Orúnkún òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ ń gbé omi wọlé, mo sì rí i pé ó ń tiro.

“Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?”

“Kò sí nǹkan, Màmá. Mo sùn lé e ni.”

Nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ náà rí i. Ó dá àwọn yòókù dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì bi í pé, “Abẹ́rẹ́, ó ń dùn ẹ́?” Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rí ojú ọmọ náà. Ó wo Àgbá, ó wo àwọn yòókù tí ẹ̀rín ti wà lẹ́nu wọn, ó sì gbójú sókè, ó ní, “Ó dùn bí oyin, Kóòṣì!” Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí di òní ni pé àbúrò mi béèrè. Kò ṣàwàdà. Ó béèrè bí bàbá ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè fi béèrè, èyí tó sì wà lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti bà á jẹ́.

Ó fi òróró pa orúnkún náà, ó fi aṣọ gbígbóná dì í, ó ní kó sinmi. Ọmọ sinmi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó sì padà sórí ẹní. Oníjàkadì wo ni orúnkún rẹ̀ kì í wú? Ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn, ó sì bọ́gbọ́n mu létí. Àgbá pàápàá ká ṣòkòtò sókè, ó fi orúnkún tirẹ̀ hàn wá, ibi tó ti bó àti ibi tó ti dúdú, bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà.

Ìdíje ńlá kan ń bọ̀, èmi ni mò ń rán aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Nígbà tí mo fi okùn ìwọ̀n yí ẹsẹ̀ òsì Abẹ́rẹ́ ká lókè orúnkún, ó tóbi ju ọ̀tún lọ. Mo tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Mo tẹ ibẹ̀, ó le bí igi, ó sì gbóná lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà fà sẹ́yìn, ó di eyín pọ̀, ó wá rẹ́rìn-ín sí mi. Mo lọ pe bàbá rẹ̀ nídìí ààrò.

“Gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó wú lásán ni. Àgbá ló forúnkún gbá a.”

“Wíwú wo ló ń le bí igi?”

“Tí ìdíje bá ti parí, ọjọ́ kejì ni màá gbé e lọ. Mo ti ní kó jókòó, òun ló kọ̀. Ẹ bi í wò.”

“Èmi ni kí n bi í? Ìwọ tó o ti sọ ọ́ di orin fún wọn?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó nù ún títí. “Ó ní kò dun òun,” ó wí. “Mo bi í nígbà tó ku àwa méjèèjì. Ó ní kò dun òun.”

Ọmọ náà ti tẹ̀ lé mi wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Kóòṣì, ẹ má gbọ́ ti Màmá o,” ó wí. “Tí ẹ bá yọ orúkọ mi, mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.” Bàbá rẹ̀ wò mí, ó tún wò ó. Ẹni tó ń dá gbogbo ọmọ àdúgbò mọ́lẹ̀, kò sí bí ọmọ tirẹ̀ ṣe ṣe é tí kì í ṣubú. Mo kígbe, mo bú u, mo kó aṣọ mi padà sídìí máṣíìnì. Ọ̀rọ̀ di ẹ̀yìn ìdíje.

Gbọ̀ngàn iléèwé kan ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n gbé pèpéle kan sáàárín, wọ́n sì fi àtẹ̀gùn onígi síbi tí wọ́n ń gbà gùn ún. Ọmọ tí wọ́n ní kí Abẹ́rẹ́ bá jà ga jù ú lọ, ó sì lápá. Ó fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo bojú, mo tún ṣí i. Lójijì, Abẹ́rẹ́ wọ abẹ́ apá ọmọ náà, ó yí po, ó sì gbé e ṣánlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ gbàgà. Adájọ́ na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Àwọn ọmọ wa ń fò sókè lórí àga. Ó fa ẹni tó dá mọ́lẹ̀ dìde, ó gbọn ara rẹ̀ nù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹsẹ̀ òsì ló fi tẹ àtẹ̀gùn.

Ó kàn tẹ̀ ẹ́ lásán ni. Ẹnikẹ́ni kò tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yọ̀. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n dá igi gbígbẹ, ó sì wó lulẹ̀. Ó ká orí mọ́ra, ó fi èjìká gba ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣubú dáadáa. Àgbá rò pé ó fi ń ṣeré ni. Ó pariwo láti orí àga pé, “Abẹ́rẹ́, ó ń dùn ẹ́?” Àwọn tó wà lẹ́yìn, tí wọn kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, sì dáhùn pọ̀ pé, “Ó dùn bí oyin!” Títí màá fi kú ni màá máa gbọ́ ọ.

Dókítà obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló gbà wá. Ó gbé àwòrán inú egungun náà sójú iná, ó sì fi ìka hàn wá ibi tó ti rí jákujàku bíi búrẹ́dì tí eku jẹ. Ó ní jẹjẹrẹ ni, pé inú egungun ló ti bẹ̀rẹ̀, tó jẹ ẹ́ títí ó fi dá. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́.

“Dókítà, ìjàkadì ló fà á, àbí?” Kóòṣì béèrè.

“Rárá, bàbá. Kì í ṣe ìjàkadì. Kò sẹ́ni tó fà á.”

“Ẹ wò ó dáadáa. Èmi ni mò ń dá a mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.”

“Mo ti wò ó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.”

Ó yíjú sí ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì. “Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ẹ́?”

“Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, Mà,” ni Abẹ́rẹ́ wí. Ẹsẹ̀ tó ti dá sí méjì! Dókítà náà wò ó, ó wá wo bàbá rẹ̀. Ká ní ó dá àbúrò mi lẹ́bi ni, ì bá sàn. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ó ní tí wọ́n bá tètè rí irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló máa ń yè é. Ó ní àwọn máa gbìyànjú. Èmi tí mo ti ń rán aṣọ láti kékeré, mo mọ ohùn ẹni tó ń sọ pé òun máa gbìyànjú aṣọ tó ti ya kọjá àtúnṣe.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Wọ́n fún un ní oògùn tó mú kí gbogbo irun orí rẹ̀ re dànù, tó sì mú kó máa bì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán mìíràn, wọ́n ní jẹjẹrẹ náà ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́. Bóyá ọmọ á yè ni gbogbo wa ń bẹ Ọlọ́run sí, dókítà sì ti ń yẹra fún ojú mi.

Ládùúgbò, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà láìsí wa níbẹ̀. “Ìjàkadì ti gé ọmọ lẹ́sẹ̀,” ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá wá ra búrẹ́dì. Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo sọ ohun tí dókítà sọ, mo sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Wọ́n á mi orí, wọ́n á gba búrẹ́dì, wọ́n á sì lọ lé ọmọ wọn wọlé. Àwọn kan nínú wọn ti gbàgbé pé ọdún tó kọjá ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi pé ó bá wọn tún ọmọ ṣe. Kóòṣì ti yàrá ìjàkadì pa, Àgbá sì padà sígboro. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé ó ti lu ẹnìkan, pé ọlọ́pàá ti wá sílé ìyá rẹ̀. Ẹní tó wà ní yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í run òórùn eku.

Ọ̀sán ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn àwàdà, á wọlé á ní, “Abẹ́rẹ́ dé o, Abẹ́rẹ́! Ṣé ó ń dùn ẹ́, kí n gún ẹ?” Ọmọ á ní rárá. Nọ́ọ̀sì á lọ, torí pé ẹni tó bá ní ó ń dun òun ni wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ ìrora. Kò ní tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọmọ á fi ki ìrọ̀rí sẹ́nu. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó ní òun kò lè gún ẹni tó ní òun ò fẹ́. Mo bẹ ọmọ, ó yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ wá bá wa níbẹ̀ láti ibi iṣẹ́, ìyẹ̀fun ṣì wà ní irun apá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè, ọmọ ní rárá. Kóòṣì di aṣọ nọ́ọ̀sì náà mú kó má lọ, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Sọ fún un pé ó ń dùn ẹ́.”

“Kò dùn mí, Kóòṣì.”

“Irọ́ ni. Mò ń wò ẹ́. O ti fi eyín ya ìrọ̀rí.”

“Ẹ̀yin lẹ ní ká máa jẹ ẹ́.”

“Àwàdà ni, ọmọ mi! Àwàdà lásán ni mo ṣe. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ké, jọ̀ọ́. Pariwo, jẹ́ kí gbogbo ọsibítù gbọ́. Mo fi ìyá ẹ bẹ̀ ẹ́.”

Mi ò rí i kó sunkún rí kó tó di ọjọ́ yẹn, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀. Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò mọ ẹni tó wọlé. Ohùn ọmọ náà kéré. Ó ní, “Ó ń dùn mí.” Nọ́ọ̀sì gún un kíá, òun náà ń nu ojú. Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, à bá dúpẹ́. Àbúrò mi ni kò jẹ́ kó parí. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ní, “Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ bi mí, lójú Àgbá àti àwọn yòókù,” ọmọ náà dáhùn. Oògùn ti ń mú un, ojú rẹ̀ ti ń pa dé. “Kò jẹ́ kí n sùn nígbà yẹn. Mo rò pé bó ṣe ń dun gbogbo wọn náà nìyẹn, Kóòṣì. Mo rò pé gbogbo wa la jọ ń pa á mọ́ra.”

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló kú. Ẹ dákun, ẹ má fi orúkọ ọjọ́ náà bá mi ṣàwàdà. Èmi ni mo wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, ó pàdé mi ní kọ́rídọ̀, mi ò sì ní láti la ẹnu. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo sunkún, mi ò rí nǹkan kan. Mo bínú sí i, mo bínú sí i débi pé mi ò lè bá a jókòó sórí àga kan náà, síbẹ̀ èmi náà ni mo ń bu omi sórí fún un kó má bàa ṣubú síbẹ̀.

Ó padà sídìí búrẹ́dì. Ẹ má rò pé búrẹ́dì náà bàjẹ́ o, ó dùn bó ṣe máa ń dùn, ọwọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá alágbàfọ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń sunkún. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó tún yàrá náà ṣí, pé Àgbá ti fẹ́ parẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, pé òun ò bẹ̀rù ìjàkadì, ìgboro lòun ń bẹ̀rù. Mo rò pé àánú rẹ̀ á ṣe é. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá ní, “Ṣé nǹkan kan ń dun Àgbá?” Obìnrin náà wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

Kò ṣí yàrá náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó lọ wá Àgbá rí nígboro, ó fọwọ́ mú un lọ sí ọsibítù, ó ní kí wọ́n ya àwòrán orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn tirẹ̀, ó mú ọmọ tó ń kólòlò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó mú àwọn yòókù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọmọ bá ti ń kọjá, á ní kó dúró, á fọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀, á tẹ èjìká, á bi í léèrè. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń gbà fún un torí ọ̀wọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ síléèwé.

Ó tún mú Àgbá lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì lọ bá wọn níbẹ̀, torí àwọn ará ọsibítù ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá mú àbúrò mi lọ sílé. Dókítà obìnrin ọjọ́ náà ló gbé àwòrán sójú iná. “Bàbá,” ó wí, “orúnkún yìí dára. Èyí tẹ́ ẹ mú wá ṣáájú náà dára. Gbogbo àwọn ọmọ yín pátá, ara wọn le.”

“Ẹ tún un wò.”

“Mo ti tún un wò, bàbá.”

Àgbá, tó ti ga ju gbogbo wa lọ nínú yàrá yẹn, tí ojú àpá ìjà ìgboro wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Kóòṣì, kò dùn mí,” ó wí. “Òótọ́ ni mò ń sọ. Mo fi Ọlọ́run búra, kò dùn mí rárá.”

Àbúrò mi wò ó lójú títí. “Ohun tí òun náà sọ nìyẹn,” ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún ká ṣòkòtò ọmọ náà sókè kọjá orúnkún.